Ta ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fà kalẹ̀ fún Oscar olú òṣèrébìnrin?

Dorothy Dandridge ni, fún ipa tó kó nínú fíìmù Carmen Jones tó jáde ní 1954. Grace Kelly ló gba àmì-ẹ̀yẹ náà lọ́dún yẹn.

Ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ti bí Dandridge ní 1922. Kékeré ló ti wà lórí ìtàgé. Ruby, ìyá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ òṣèré, ló mú Dorothy àti Vivian ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọṣẹ́ orin àti ijó. Nígbà tó dàgbà, ó di gbajúmọ̀ olórin ní àwọn ilé fàájì alẹ́. Síbẹ̀, kì í ṣe ohùn rẹ̀ là ń gbọ́ nínú àwọn orin Carmen Jones. Marilyn Horne ló bá a kọ ọ́, torí pé orin ọ́pẹ́rà ni.

Ẹ̀bùn rẹ̀ tóbi ju àǹfààní tí wọ́n fún un lọ. Hollywood ìgbà náà kì í sábà fi obìnrin dúdú ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, nítorí náà ipa gidi ṣọ̀wọ́n fún un lẹ́yìn Oscar, yàtọ̀ sí irú fíìmù Porgy and Bess ti 1959. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án 1965, lẹ́ni ọdún 42.

Ẹ má ṣe ṣì í mú fún Hattie McDaniel. Ìyẹn ti gba Oscar ní 1940, àmọ́ ti òṣèrébìnrin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Halle Berry ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba ti olú òṣèrébìnrin, ní 2002.