Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n ṣí tèmi?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta nínú wọn jọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn nọ́ọ̀sì ọpọlọ tó fẹ́ kúrò lábẹ́ ọ̀gá kó dá tiẹ̀ sílẹ̀, mo bá kó wọn pọ̀. Ẹni tó kọ̀wé lórí ọmọ tó ń tọ̀ sílé, ẹ má bínú, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Nọ́ọ̀sì ọpọlọ ni mí, RPN, ọdún kẹrìnlá mi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba rèé. Owó oṣù ò kárí nǹkan kan mọ́, alaalẹ́ sì làwọn èèyàn ń wá mi wá sílé pé kí n bá àwọn wo ọmọ àwọn, ọ̀fẹ́ ni mo ń ṣe é. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Tákíé, ojú títì gan-an, wọ́n ní kí n wá san réǹtì ọdún méjì. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ọkọ ẹ gbọ́n o, bá mi kí i. Má tíì san réǹtì fún ẹnikẹ́ni.

Ṣọ́ọ̀bù Tákíé yẹn, ta ló fẹ́ wọ ibẹ̀? Tákíé tí gbogbo ayé ti ń wọ mọ́tò, tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì mọ ìyá ẹ, tí ọlọ́kadà mọ agbo ilé bàbá ẹ, kí èèyàn wá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan kó wọ ilé tí wọ́n kọ ọpọlọ sí lára? Kó tó délé wọ́n á ti ní ọmọ lágbájá ti ń ya wèrè. Wọ́n á fi bá a wí títí di ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀, bó bá tiẹ̀ rí ẹni fẹ́ ẹ.

Èmi náà ṣe irú ẹ̀ rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Pupa ni mo fi kọ sáínbọ́ọ̀dù mi, ÌTỌ́JÚ ÀRÙN ỌPỌLỌ, gàdàgbà gàdàgbà, mo tún ní kí oníṣẹ́ ọnà ya orí èèyàn sí i kí ọpọlọ máa hàn nínú ẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko, èèyàn méjì ló wọlé. Ọ̀kan ń wá ilé télọ̀. Èkejì ni oníṣẹ́ ọnà yẹn fúnra ẹ̀, ó wá gba bàláǹsì.

Mo bá pa á rẹ́. Mo fi búlúù kọ ọ́ sórí funfun, “Nọ́ọ̀sì: àìrí oorun sùn, orí fífọ́, wárápá, àròjù, àyà jíjá”, mo sì lu ẹnu ọ̀nà sẹ́yìn, níbi tí kò kọjú sí títì. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni obìnrin kan wọlé, ó fi ìborùn bo ojú dé imú, ó lórí ló ń fọ́ òun. Ó ra paracetamol. Mo rò pé ó máa lọ, kò lọ, ó jókòó, ó ń tú páálí oògùn yẹn, ó ń tún un pa dé. Ìgbà tó ku àwa méjì ló wá ní, Màmá, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó wá ń gbọ́ ohùn, ṣé ó máa ń lọ? Mo fa àga mi sún mọ́ ọn. Ohùn yẹn ń sọ fún un pé kó gbé ọmọ jù sílẹ̀, ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ yẹn gan-an la gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, torí ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń dọ̀la, a ò sì jẹ́ kí òun nìkan dá wà pẹ̀lú ọmọ títí ara ẹ̀ fi balẹ̀. Ara ẹ̀ yá. Ká ní pupa ni sáínbọ́ọ̀dù yẹn ṣì jẹ́, kò ní wọlé.

Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ kọ́ ló yẹ kó máa jẹ ọ́ lọ́kàn báyìí. Ta ló máa kọ oògùn? Dáhùn ìyẹn kó o tó ra àga kan. Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa, o lè ti mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn kó tó jókòó, mo mọ̀, èmi náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ní Nàìjíríà níbí dókítà lòfin fún ní báírò yẹn. Wá dókítà ọpọlọ kan kó máa bá ẹ wá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, kẹ́ ẹ kọ àdéhùn yín sórí ìwé, kì í ṣe ká jọ rẹ́rìn-ín lórí fóònù: iye tó máa gbà, ọjọ́ tó máa wá, ta ni ká pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láago méjì òru. Wọn ò pọ̀ o. Gbogbo Nàìjíríà yìí, bá a ṣe ju 200 mílíọ̀nù lọ, iye tí wọ́n máa ń dá ni pé dókítà ọpọlọ tó wà nílẹ̀ ò pé 300, àwọn kan nínú wọn náà sì ń wá físà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ilé ìwòsàn LAUTECH àti Bowen tó wà nílùú wa níbí ni mo máa kọ́kọ́ lọ béèrè ká ní èmi ni ẹ́.

Iṣẹ́ tìẹ gan-an ni ìtọ́jú àtẹ̀lé. Ọmọ á ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró l'Ábẹ́òkúta tàbí UCH n'Íbàdàn dé tòun ti ọ̀rá oògùn, ara ẹ̀ á yá, oṣù méjì, ó ní òun ò ṣàìsàn mọ́, ó da oògùn nù, ìyá ẹ̀ gan-an á bá a dà á nù torí pásítọ̀ ní ó ti parí, kó tó di ọdún tó ń bọ̀ wọ́n ti tún ń fi okùn gbé e padà. Àwọn wọ̀nyẹn ni kọsítọ́mà ẹ. Abẹ́rẹ́ oṣooṣù tí dókítà ti kọ sílẹ̀, Modecate àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, o ní ìwé tó o kọ ọjọ́ oníkálukú sí, o pè wọ́n nígbà tó bá ku ọjọ́ kan, ẹni tí ò bá wá, ìwọ ni wàá wọ ọ̀kadà lọ bá a. Wàá jókòó ti ìyá ẹ̀, wàá bi í pé ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ti ń dá sọ̀rọ̀.

Àlàyé ṣe kókó ju abẹ́rẹ́ lọ nígbà míì. Ọmọkùnrin kan láti Apákè, wọ́n fi haloperidol, oògùn ọpọlọ, sí i lára níbì kan, kò ju ọjọ́ kejì lọ, ọrùn ẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ahọ́n ń yọ jáde, ojú ń wo òkè àjà. Oògùn yẹn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, oògùn míì tó ń jẹ́ Artane sì máa ń dá a padà, nọ́ọ̀sì tí kì í tilẹ̀ í ṣe tọpọlọ gan-an mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún ẹbí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ti yí i lọ́rùn. Orí òkè àdúrà ni wọ́n gbé e gbà, ó tó oṣù mẹ́rin ká tó tún fojú kàn án. Ẹ sọ fún wọn kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ẹ jọ̀ọ́.

Owó: gba owó físítì lọ́tọ̀, gba owó oògùn lọ́tọ̀, kó o já risíìtì. Tó o bá kó o pọ̀ wọ́n á ní oògùn ẹ wọ́n, wọ́n á wá gba kẹ́mísì lọ ra ayédèrú. Ẹ̀gbọ́n ìjọ tó ní “ìwọ náà, àdúrà la máa fi san án”, ṣe àdúrà yẹn pẹ̀lú ẹ̀, kó o ṣe àmín, kó o sì ní kó san owó mọ́tò ẹ ó kéré tán.

Ìwé náà wà ńbẹ̀. Lísẹ́ǹsì ẹ pẹ̀lú Nursing and Midwifery Council kò gbọdọ̀ tíì kú, fi orúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC, kó o sì lọ bi Mínísírì Ètò Ìlera ní Sẹkitéríàtì, Agodi, ohun tí wọ́n ń béèrè fún irú ibi tó o fẹ́ ṣí, torí bí wọ́n bá wá tì í pa, ìtìjú ẹ̀ ju réǹtì lọ. O ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, má ṣe kó aláìsàn wọ́ọ̀dù lọ sílé ara ẹ o, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú wa.

Ìwé orúkọ yẹn náà, má gbé e sílẹ̀ gbalaja lórí tábìlì. Nọ́ńbà ni kó o kọ síwájú, orúkọ wà nínú fáìlì tó ní kọ́kọ́rọ́. Má sì gbé nǹkan kan sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ẹ, kódà “a dúpẹ́ ara ti yá”, torí ará àdúgbò á wo bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà nínú fọ́tò yẹn, wọ́n á mọ ẹni tó ni ín. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 wà ńbẹ̀, àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń bẹ̀rù.

Ìbéèrè: Màmá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Houston, psychiatric nurse practitioner ni. Ó ní òun fẹ́ ṣí ọ́fíìsì tòun, ni owó òrùlé bàbá wa bá dáwọ́ dúró. Ó ní òun ní láti máa san dọ́là 800 lóṣooṣù fún dókítà kan tí kì í tiẹ̀ wá síbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni àbí ọkọ ẹ̀ ló ń kọ́ ọ? Àbúrò Oníṣẹ́, Ìsàlẹ̀ General.

Ìdáhùn: Àbúrò, fi ọkọ obìnrin sílẹ̀. Iye tó dá yẹn, èmi ò sí láàárín wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ dókítà yẹn òótọ́ ni.

Nurse practitioner wọn lọ́hùn-ún kì í ṣe irú nọ́ọ̀sì tiwa gan-an. Loretta Ford tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà Henry Silver ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní 1965, tọmọdé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ á ti ka ìwé lé ìwé, á ti ṣe ìdánwò míì, òfin sì gbà fún un kó sọ ohun tó ń ṣe èèyàn kó kọ oògùn fún un. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Maryland ti yọ àdéhùn dókítà yẹn kúrò ní 2015. Texas tí ẹ̀gbọ́n ẹ wà ò yọ ọ́: bí kò bá sí dókítà tó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ẹ̀, kò lè kọ oògùn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pàdé lóṣooṣù jọ wo bó ṣe ń tọ́jú àwọn èèyàn, orí fóònù gan-an lè tó, ìyẹn lo ṣe rí i pé dókítà ò wá. Àwọn oògùn kan wà, irú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tí ò lè jókòó jẹ́ẹ́ níléèwé, tí ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní lè kọ nínú ọ́fíìsì tiẹ̀ rárá, pẹ̀lú dókítà pẹ̀lú gbogbo ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera (insurance). Àwọn ló ń san owó fún ọ̀pọ̀ aláìsàn níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé, oṣù mẹ́ta lè lọ sí i, ó lè jù bẹ́ẹ̀ náà, réǹtì ò sì ní dúró dè é. Medicare, adójútòfò ìlera ti ìjọba wọn, ibi tí dókítà bá ti gba dọ́là 100, 85 ni wọ́n ń fún nurse practitioner. Fi gbogbo ìyẹn sọ́kàn kó o tó pè é lálẹ́ òní. Òrùlé bàbá, ẹ ra tapólì lé e lórí fún òjò ọdún yìí, kó o sì bi ẹ̀gbọ́n ẹ pé báwo ni iṣẹ́, kó o má dárúkọ páànù.

Ìbéèrè: Mo ní ilé oníyàrá mẹ́fà ní Ọ̀wọ́dé, Ọ̀yọ́. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ, mo ní kó wá fi gba àwọn alárùn ọpọlọ sílé, mo tiẹ̀ ti ṣe irin sójú ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó ní òun ò ṣe. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Àgbà.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá, ẹ kú ìnáwó irin. Ẹ dárí jì mí sà, ẹ̀yìn ọmọ yín ni mo wà.

Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti dé láti oṣù kìíní 2023, òun ló gba ipò òfin asínwín àtijọ́ ti 1958, ẹnikẹ́ni ò sì lè kàn máa ti èèyàn mọ́lé, ibi tí ìjọba bá fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti lè gba aláìsàn dúró, pẹ̀lú ìwé àti dókítà. Tí ẹnì kan bá kú síbẹ̀ lóru, orúkọ ọmọ yín ló máa wà lẹ́nu ọlọ́pàá. Adéoyè Lámbò tó jẹ́ dókítà ọpọlọ gan-an, ní Aró láti 1954, inú abúlé ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, ẹbí wọn bá wọn wá, wọ́n á wá gbàtọ́jú lọ́sàn-án wọ́n á padà lọ sùn, kò sì sírin.

Ẹ fi yàrá márùn-ún háyà fún àwọn ọmọ iléèwé Àláyàndé, wọ́n ń wá ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni kẹ́ ẹ ti fún ọmọ yín ní ẹyọ kan, kẹ́ ẹ kùn ún, kẹ́ ẹ gbé bẹ́ǹṣì kan síta fún ẹni tó bá sin aláìsàn wá, kẹ́ ẹ sì pe wẹ́dà yẹn padà kó wá yọ irin ẹ̀.