Ẹ Bi Ìyá Oníwáyà: Túúlu Ìyá, Wárápá Ọmọ

Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni kí n máa lẹ wáyà mọ́ orí aláìsàn, kí n sì máa ka ohun tí ẹ̀rọ EEG bá kọ nípa iná inú ọpọlọ wọn. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gbé wá ló sọ mí ní Ìyá Oníwáyà. N kì í ṣe dókítà, n kì í sì í kọ oògùn fúnni. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù.

*Ìyá Oníwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni túúlu ti ń bá mi jà. Kó tó dé, ìmọ́lẹ̀ kan á kọ́kọ́ máa ṣẹ́ yẹ̀rì ní ẹ̀gbẹ́ ojú mi, etí rẹ̀ á rí bí etí aṣọ tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí eléyín gé. Á máa fẹ̀ sí i títí mi ò fi ní rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú á lọ, ẹ̀fọ́rí á wá gbé apá kan orí mi, èébì á tẹ̀ lé e. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, wárápá gbé e lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, dókítà sì ti fún un ní oògùn. Ìyá ọkọ mi wá ń sọ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti rí i, pé túúlu tó bá pẹ́ lórí ìyá ló ń di wárápá lára ọmọ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó máa di wárápá sí èmi náà lára?*
*Aránṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ìtọ́jú. Rárá ni ìdáhùn mi sí méjèèjì. Túúlu kì í gbó kó di wárápá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kí màmá, torí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe asán pátápátá: inú ilé kan náà ni àìsàn méjèèjì ń gbé. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ohun tó ń fa ìmọ́lẹ̀ yín yẹn, wárápá ló ń wá kiri tó fi pàdé rẹ̀.

Aristides Leão ni wọ́n ń pè é, ọmọ Rio de Janeiro ní Brazil, tó lọ kàwé sí i ní Harvard ní Amẹ́ríkà. Ọpọlọ ehoro ló ń fi iná ta jí, kó lè mọ bí wárápá ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń retí ni pé kí iná ọpọlọ náà ru sókè. Ohun tó rí ni pé ibi tó ta jí dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ sí apá ibi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ibi tó bá dé á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹlòmíì á ní iṣẹ́ òun ti bàjẹ́, á kó ehoro rẹ̀ dànù. Leão jókòó tì í, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1944.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú, Karl Lashley, onímọ̀ kan tí túúlu ń ṣe òun náà, ti ya àwòrán ìmọ́lẹ̀ ojú tirẹ̀ bó ṣe ń fẹ̀ láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ó ṣírò rẹ̀, ó ní ohun yòówù tó bá ń fà á, mìlímítà 3 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú kan lórí apá ibi tí ọpọlọ fi ń ríran, tó wà lẹ́yìn orí. Ẹ wo téèpù tó wà lọ́rùn yín: ìlà kéékèèké mẹ́ta péré. Fún ogún ìṣẹ́jú, ó di sẹ̀ńtímítà 6. Ìdí tí ìmọ́lẹ̀ yín fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Leão fura ní 1945 pé ohun tóun rí lè kan túúlu, ṣùgbọ́n ó di 1958 kí Peter Milner ní Kánádà tó gbé ìyára ti Lashley àti ti ehoro sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó rí i pé wọ́n dọ́gba.

Ní 2001, Nouchine Hadjikhani àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston rí ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bó bá ti gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì dáadáa, ìmọ́lẹ̀ náà á dé. Wọ́n ní kó lọ gbá a, wọ́n sì gbé e wọnú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ. Wọ́n rí i bí àyípadà inú ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń rìn, mìlímítà 3.5 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Ẹnì kan gba bọ́ọ̀lù kí orí lè fọ́ òun, nítorí ìmọ̀.

Kí wá ni ìyàtọ̀ wọn? Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ glutamate ta ara wọn jí, òmíràn tó ń jẹ́ GABA ni wọ́n fi ń dá ara wọn dúró. Bí ìdádúró náà kò bá ká ìtají mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì á máa ju iná lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Wárápá nìyẹn, á sì yọ ṣóńṣó, ṣóńṣó lórí bébà mi. Ti túúlu tiyín, àwọn sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ ta jí ju bó ṣe yẹ lọ, potásíọ̀mù inú wọn á tú síta, sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù á ya wọlé, wọ́n á wú, agbára iná wọn á tán, wọ́n á dákẹ́. Potásíọ̀mù tó tú síta yìí ló ń lọ ta àwọn ti ẹ̀gbẹ́ jí. Ẹ̀rọ EEG kì í sábà rí i láti ìta awọ orí, torí ó lọ́ra jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á kó àwọn olótùúlu wá bá mi, wọ́n á tú irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó dì, a ó pa jẹnẹrétọ̀ torí ariwo iná rẹ̀ ń wọ inú bébà, mo wá máa kọ ọ́ pé n ò rí nǹkan kan. Inú kì í dùn sí mi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí màmá ti fẹ́ jàre díẹ̀ rèé. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ SCN1A, òun ló ń ṣe ilẹ̀kùn tí sódíọ̀mù ń gbà wọnú sẹ́ẹ̀lì. Bí ilẹ̀kùn yìí kò bá ṣiṣẹ́ tó lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dá iná dúró, wárápá líle tí wọ́n ń pè ní Dravet lè bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Bó bá ń ṣí ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè jẹ́ túúlu kan tó ń rọ apá kan ara fún ìgbà díẹ̀, tó sì ń tọ ìdílé lẹ́yìn. Àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, lẹ́tà yín kò sì jọ tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Ìgbò-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, wọ́n ń yà láti ojúlé dé ojúlé, èèyàn 18,954. Nínú èèyàn 1,000, ẹni 5.3 ni wárápá ń ṣe. Ti túúlu jẹ́ 5.3 nínú èèyàn 100: ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun tó wọ́pọ̀ tó báyẹn lè bá wárápá pàdé lábẹ́ òrùlé kan láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Òótọ́ ni pé àwọn tí wárápá ń ṣe máa ń ní túúlu ju àwọn yòókù lọ, nǹkan bí ìlọ́po méjì nínú ìwádìí tí Ruth Ottman àti Richard Lipton ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1994. Torí náà, bí ọmọ yín bá ní orí ń fọ́ òun, ẹ má ṣe rò pé oògùn ló ń sá fún.

Aago ni kí ẹ máa wò. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ti túúlu nìyẹn. Bí ọmọ bá ní òun rí nǹkan róbótó róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi tó dé lójijì, tí kò sì ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà rẹ̀, wárápá náà lè gba ẹ̀yìn orí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin alára, ẹ béèrè nípa oògùn tó ń dènà túúlu. Topiramate, tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún wárápá ní Amẹ́ríkà láti 1996, ni wọ́n fọwọ́ sí fún ìdènà túúlu níbẹ̀ ní 2004. Ṣùgbọ́n òun àti valproate, oògùn wárápá mìíràn, lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe, nítorí náà bí ẹ bá ṣì ń bímọ, ẹ sọ fún dókítà kó tó mú bírò. Àti Alábùkún tí gbogbo aránṣọ máa ń fi sábẹ́ máṣíìnì, aspirin àti kaféènì ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń lo irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó fi ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà lè wá di ohun tó ń fọ́ ọ lórí.

*Mà, ọmọ iléèwé mi kan ṣubú ní kíláàsì. Olùkọ́ kan fẹ́ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, òmíràn sá torí ìfófòó. Ìyá ọmọ náà ní àwọn máa fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù.*
*Tíṣà, Ṣakí*

Ìfófòó kì í ranni. Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín ló máa kán. Ẹ má tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Ẹ gbé àga kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ wo aago, ẹ yí i kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là, ilé-ìwòsàn ni. Àgbo ìtọ̀ màlúù yẹn, ewé tábà wà nínú rẹ̀, ó sì lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi pé gìrì mìíràn á dé lórí ti tẹ́lẹ̀. Mo ti lẹ wáyà mọ́ orí àwọn ọmọ tí wọ́n fún mu. Ẹ bá mi bẹ ìyá rẹ̀.

*Àǹtí, Peckham ni mo wà. Wọ́n ti ń fún mi ní abẹ́rẹ́ erenumab lóṣooṣù fún túúlu, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣé wọn ò lè fún àbúrò mi tí wárápá ń ṣe náà?*
*Bọ̀dá London*

Kò ní bá a mu, Bọ̀dá. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ tó bò ó àti iṣan tó wà lára rẹ̀ ló ń mọ̀ ọ́n, àwọn iṣan tó ń gbé ìrora níbẹ̀ ló sì ń tú nǹkan kan tó ń jẹ́ CGRP jáde tí ẹ̀fọ́rí bá dé. Lars Edvinsson ará Sweden àti Peter Goadsby ará Ọsirélíà rí i ní 1990 nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí túúlu ń ṣe lọ́wọ́. Ní 2021 àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Michael Moskowitz àti Jes Olesen, gba ẹ̀bùn Brain Prize ti Denmark. Abẹ́rẹ́ yín ń dí ojú ibi tí CGRP ń gbà wọlé. Ìwọ̀n tó ń wọnú ọpọlọ nínú rẹ̀ kéré gan-an, àárín sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ gan-an sì ni wárápá wà. Kí àbúrò yín má fi oògùn tirẹ̀ sílẹ̀ lójijì láti wá dán tiyín wò, ìyẹn nìkan lè gbé e ṣubú. Ẹ̀yin náà, bí ìgbẹ́ bá ń há yín láti ìgbà tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ náà, ẹ má máa fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ẹ sọ fún wọn ní ilé-ìwòsàn, kí wọ́n sì bá yín wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.