Ọmọ tó ń gbá púùlù àti owó tẹ́tẹ́: ìdáhùn mi fún ìyá tó béèrè

Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ti mọ púùlù gbá débi pé àwọn tó jù ú lọ ń sá fún un, àti pé ọkùnrin kan ti ń lọ́ mọ́ ọn, tó ní òun á máa fi owó lé e kí àwọn jọ máa pín èrè. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ gbà, àbí kó ṣì dúró, tó bá sì jẹ́ pé kó dúró ni, dìgbà wo. Ìdáhùn mi rèé: ẹ má gbà. Títí tó fi máa pé ọdún 18, ẹ má gbà rárá. Lẹ́yìn ìgbà náà, tí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́ ta tẹ́tẹ́, owó tó fi òógùn ara rẹ̀ rí ni kó fi ta á, kì í ṣe owó onígbọ̀wọ́ kankan. Mo mọ ohun tí mò ń wí, torí ìdí tábìlì ni mo dàgbà sí, owó ẹlòmíràn sì ni mo kọ́kọ́ fi gbá a.

Àwọn tó ti dá yín lóhùn ṣáájú mi ní kí ẹ jẹ́ kó lọ, pé tẹ́tẹ́ ló ń sọ ọ̀pẹ di ọ̀ta, pé ẹni tí kò tíì fi owó gbá a kò tíì mọ̀ bóyá òun láyà. Wọ́n dárúkọ Efren Reyes, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ orílẹ̀-èdè Philippines ni, 1954 ni wọ́n bí i, ilé eré púùlù tó jẹ́ ti mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní Manila ló dàgbà sí, láti kékeré ló sì ti ń gbá a fún owó. Ní 1996, ní Hong Kong, òun àti Earl Strickland, ọmọ Amẹ́ríkà, gbá a fún ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ géèmù 120 ni yóò kó 100,000 dọ́là. Reyes ló jẹ ẹ́, 120 sí 117. Ní 1999 ó tún gba ife àgbáyé bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, irú púùlù tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù 1 dé 9 gbá. Èmi náà fẹ́ràn bó ṣe ń gbá a, mi ò rò pé a tún máa rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n dárúkọ yẹn. Gbogbo ilé eré tí mo ti wọ̀ ló ní ọmọ kan tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, "Hẹn, ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n gbá nígbà kan," tí ojú wọn á sì yẹ̀ kúrò lára ara wọn.

Tó bá jẹ́ orúkọ là ń dá, èmi náà ní ọ̀kan. Ọmọ Táíwàn kan wà, Wu Chia-ching, ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó gba ife àgbáyé bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ní 2005. Àṣekágbá náà di 16 sí 16, ó ku géèmù kan ṣoṣo tí yóò yà wọ́n, ọmọ yẹn sì jẹ ẹ́. Rẹfirí wà níbẹ̀, òfin wà, gbogbo ayé ń wò ó. Ẹ sọ fún mi, àyà wo ló tún kù tí ẹnì kan nínú kọ̀rọ̀ fẹ́ fi owó tẹ́tẹ́ kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí owó ń ṣe sí ọwọ́ ọmọ, torí ohun tí kì í hàn sí òbí nìyẹn. Mú bọ́ọ̀lù kan tó wà nítòsí ihò, irú èyí tó lè dijú gbá wọlé. Wá fi owó lé e. Má wo bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ẹ̀yìn tó fi di ọ̀pá mú ni kí o máa wò. Ìka tó dẹ̀ tẹ́lẹ̀ á le, ọrùn ọwọ́ á gan. Á fi ṣọ́ọ̀kì pa ẹnu ọ̀pá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, láìsí pé ṣọ́ọ̀kì tán níbẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀, á tún nàró, á wo ẹni tó ni owó, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá wá gbá a, orí rẹ̀ á ti gbéra kí ọ̀pá tó kan bọ́ọ̀lù funfun, torí ojú ń kánjú lọ wo ihò. Bọ́ọ̀lù á gbá ètè ihò, á sì padà síta. Àgbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà ti jinlẹ̀ nínú eré, tó bá sùn tó jí, ó padà sí bó ṣe ń gbá a. Ọwọ́ ọmọ ọdún 15 ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, ohun tó bá sì ń ṣe nínú ìbẹ̀rù lójoojúmọ́ ló máa mọ́ ọn lára.

Ọ̀kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ kì í fẹ́ kí wọ́n mọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n tó. Nínú bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù 9 wọlé ló jẹ géèmù. Tí ọ̀ta bá fẹ́ bá ọ̀pẹ gbá a fún owó, á fún un ní ààyè: á ní, "Tí ìwọ bá gbá 8 wọlé, o jẹ, ní tèmi, àfi 9." Ìdúnàádúrà yìí gan-an ni tẹ́tẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀pá, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ. Nítorí náà wọ́n á kọ́ ọmọ yín láti máa gbá bọ́ọ̀lù tó mọ̀ ọ́n gbá síta, kí wọ́n lè fún un ní ààyè tó pọ̀ lọ́la. Wọ́n á pè é ní ọgbọ́n. Ọmọ tó yẹ kó máa tún ọwọ́ ṣe á máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣì í gbá. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ débi pé nígbà tó dé ìdíje gidi, tó fẹ́ gbá a dáadáa, ọwọ́ kọ̀ fún un.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́. Ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún ọmọ yín ni pé: owó ni tèmi, èrè ni ká pín sí méjì, tí o bá pàdánù, èmi ni mo pàdánù. Ó dùn létí. Ohun tí kò sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ àdánù sílẹ̀, àwọn á sì kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú èrè kí ẹnikẹ́ni tó pín nǹkan kan. Ká ní ọmọ pàdánù 400 lónìí, ó wá jẹ 300 lọ́la. Inú rẹ̀ á dùn, á na ọwọ́ fún ìdajì tirẹ̀. Kò sí ìdajì. Gbogbo 300 ti bọ́ sínú ihò àná, 100 ṣì kù nílẹ̀. Ọmọ á máa gbá a fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrí kọ́bọ̀, á sì máa rò pé òun ló jẹ ẹni náà ní gbèsè.

Ọkùnrin tó fi owó lé mi nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí ọmọ yín ṣe dáadáa sí mi. Ó ra bàtà fún mi, ó yá mi ní ọ̀pá tó dára ju gbogbo ọ̀pá tí mo ti dì mú rí lọ, ó sì máa ń pè mí ní ọmọ òun lójú àwùjọ. Lẹ́yìn tí mo ti ń pàdánù fún ìgbà díẹ̀, ó wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó gbé apá lé mi léjìká, ó ní kí n jẹ́ kí ẹni tí mo fẹ́ bá gbá jẹ ẹ́ lónìí, torí òun ti fi owó sí ọ̀dọ̀ ìyẹn. Kò pariwo, kò halẹ̀. Ó ní, "A ó fi bò ó." Gbèsè mi ló ń sọ. Mo kọ̀, mo gbá a bí mo ṣe mọ̀ ọ́n gbá, mo sì jẹ ẹ́. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti wá sílé wa, ó yọ ìwé kékeré kan jáde níwájú bàbá mi. Gbogbo géèmù tí mo pàdánù ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Èyí tí mo jẹ kò sí níbẹ̀. Bàbá mi san án díẹ̀díẹ̀, kò sì bá mi wí, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ má rò pé ilé eré kékeré nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo sínúkà, tó jẹ́ ìbátan púùlù, níbi tí owó ìdíje ti pọ̀, tí òfin sì le. Ní 2023 wọ́n fòfin de ẹni mẹ́wàá tó ń gbá sínúkà láti Ṣáínà lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ àti títa géèmù, ìyẹn kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù nítorí owó. Méjì tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, Liang Wenbo àti Li Hang, ni wọ́n lé kúrò títí láé, torí àwọn ló fúngun mọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan láti ṣe é. Yan Bingtao wà nínú àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi. Ọmọ 20 ọdún ni nígbà tó gba ife Masters, ìdíje sínúkà ńlá kan, ní 2021. Ọdún 5 ni wọ́n fi dá a dúró. Zhao Xintong gba oṣù 20, ó padà, ó sì di aṣíwájú àgbáyé ní 2025. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n gbá nínú wọn. Àgbà ló sì fúngun mọ́ àwọn kan lára wọn.

Ti àyà tí wọ́n ń sọ, kò ṣòro láti kọ́. Kí ọmọ yín to bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, kó tú u, kó gbé bọ́ọ̀lù funfun síbi tó wù ú, kó wá gbá wọn wọlé láti 1 dé 9 ní ìtẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Tó bá ṣi ẹyọ kan gbá, ó ti pàdánù géèmù náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 7, òun tàbí iwin tí a kò rí. Iwin kì í ṣi bọ́ọ̀lù gbá, kò sì ní àánú. Kó fi ohun tó fẹ́ràn lé e: tí iwin bá jẹ ẹ́, kò ní fọwọ́ kan fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Kó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n dúró wò ó. Ẹ máa rí i pé ìka ọwọ́ ẹ̀yìn yẹn á le bákan náà, á sì kọ́ bó ṣe máa dẹ̀ ẹ́ láìjẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ni kí ẹ máa mú un lọ, kódà WPA, àjọ tó ń darí eré púùlù lágbàáyé, ní ìdíje àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́.

Mi ò sọ pé kí ẹ lé e kúrò nídìí tábìlì tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní ẹni tó bá pàdánù ni kó san owó tábìlì. Ìyẹn ò dùn mí, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè san án.

Tó bá pé ọdún 18, ẹ kọ́kọ́ wádìí òfin ibi tí ẹ wà, torí ní àwọn ibòmíràn 21 ni. Tí òfin bá gbà, tó sì wù ú, kó ka owó tó mú dání kó tó jáde nílé. Tó bá tán, eré tán nìyẹn. Kó má yá owó, kó má sì jẹ́ kí wọ́n yá òun. Kí wọ́n sọ iye géèmù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí owó àwọn méjèèjì sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń wò. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì torí pé ó ti pàdánù. Èmi máa ń wo àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí ọ̀dọ́ kan bá pàdánù lálẹ́, tó jí, tó gbé ọ̀pá, tó sì ṣe ìdánrawò rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti dàgbà tó. Tó bá jẹ́ ẹni tó gba owó rẹ̀ ló ń wá kiri, kò tíì tó o, ì báà jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Ní ti ọkùnrin yẹn, ẹ pè é, kẹ́ ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù. Ẹ ní tó bá fẹ́ràn bí ọmọ yín ṣe ń gbá a, kó san owó ìforúkọsílẹ̀ ìdíje kan fún un, kó má retí ìpín kankan. Àwọn kan wà tó máa ṣe é, mo mọ irú wọn, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ẹni tó bá fi owó ran ọmọ lọ́wọ́ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pè é, ẹ jókòó ti ọmọ náà, ẹ bi í láìbínú bóyá ó ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀: owó, bàtà, ọ̀pá, ohunkóhun. Tó bá ti gbà á, ẹ̀yin àti òun ni kẹ́ ẹ jọ lọ dá a padà, kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán sì wà níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí.