Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Àwọn Wo Ló Ń Pinnu Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Rí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò lórí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Global Digital Compact. Ṣé òfin ni? Tí orílẹ̀-èdè kan bá rú u, ta ni yóò mú un?

Ìdáhùn: Kì í ṣe òfin, kò sì sí ẹni tí yóò mú ẹnikẹ́ni. Ìlérí ni. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i ní New York, lẹ́yìn tí Sweden àti Zambia ti darí ìjíròrò lé e lórí. Ohun márùn-ún ló dá lé: kí àlàfo tó wà láàárín ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹni tí kò ní dínkù, kí gbogbo ènìyàn rí jẹ nínú ọrọ̀ ajé orí ẹ̀rọ, kí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìlò dátà ní ìlànà tó tọ́, kí gbogbo ayé sì jọ máa bójú tó AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá orí kọ̀ǹpútà.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìwé tí a kàn kọ tí a sì gbé pamọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ẹlẹ́ni 40 sílẹ̀ lórí AI. Owó ni ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ìwé náà ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní íntánẹ́ẹ̀tì kó tó di 2030, ṣùgbọ́n kò pín iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò mú wá. Ní ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí i, ènìyàn bílíọ̀nù 2.6 ni ITU, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, kà pé wọn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ẹ fi wé àdéhùn tó ń di òfin. Àdéhùn lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wọlé ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2024 kò lè ṣiṣẹ́ àfi tí orílẹ̀-èdè 40 bá buwọ́ lù ú lábẹ́ òfin tiwọn, ẹni tó bá sì buwọ́ lù ú nìkan ló dè. Irú èyí máa ń pẹ́: Àdéhùn Malabo tí Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe ní 2014 lórí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún 2023 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ kékeré ni tiwa, àwọn tí ojú wọn kò ríran ni à ń ṣojú fún. Owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí. Báwo la ṣe lè lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ohun tó kàn yín, inú àkọsílẹ̀ tí wọn ò tíì parí ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀, kí ọjọ́ àpérò tó pé. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ náà, àwo òfìfo ló máa bá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ilé tí ọ̀rọ̀ yín wà. ICANN ló ń bójú tó orúkọ dòménì (orúkọ sáìtì, bí èyí tó parí sí .com) àti nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì. IETF ló ń kọ ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, W3C ló ń kọ ti wẹ́ẹ̀bù. ITU ń rí sí ìgbì rédíò àti tẹlifóònù, àwọn ìjọba ló sì ń dìbò níbẹ̀. IGF, àpérò àgbáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Tunis ọdún 2005 bí, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Wọn kì í ṣe ìpinnu tó de ẹnikẹ́ni. Ó dára láti wá ojúgbà níbẹ̀, kò sì sí owó ìwọlé, ẹ sì lè dara pọ̀ láti ilé.

Ní tiyín, W3C ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni WCAG ti ń jáde, ìyẹn ìlànà tó ń sọ bí sáìtì ṣe lè rọrùn fún àwọn aláìlera láti lò, ẹ̀dà 2.2 jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ìjọba ti gbé ìlànà yìí wọ inú òfin wọn, nítorí náà gbólóhùn kan tí ẹ bá tún ṣe nínú rẹ̀ lè dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Orí GitHub, sáìtì tí àwọn ènìyàn ti jọ ń ṣàtúnṣe ìwé àti kóòdù, ni ìwé náà wà ní gbangba. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́, kí ẹ kọ “issue”, ìyẹn àkíyèsí tàbí ẹ̀sùn, lórí apá tó ń ni yín lára: nọ́ńbà apá náà, orúkọ àti ẹ̀dà ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnì, àti gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. “Ẹ má gbàgbé wa” kò níbi tí akọ̀wé lè fi sí. Gbólóhùn tó ti délẹ̀, ó lè gbé e wọlé lọ́jọ́ náà.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ dòménì, ICANN máa ń ṣí àbá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó sì sábà máa ń tó 40 ọjọ́. Ó tún ní ètò Fellowship tó ń san owó ọkọ̀ òfuurufú àti ilé ìtura. IETF kò gba owó ọmọ ẹgbẹ́. Orí ímeèlì tí gbogbo ènìyàn lè kà ni wọ́n ti ń fìdí ìpinnu múlẹ̀. Ti ITU le díẹ̀: ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ẹ béèrè ẹni tó ń ṣojú orílẹ̀-èdè yín, kí ẹ ní kó fi yín kún ikọ̀ náà.

Ohun tó ń dá ẹgbẹ́ kékeré dúró ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí i. Ìpàdé lè bọ́ sí aago mẹ́ta òru lọ́dọ̀ yín, ó rẹ ẹni náà, ó sì fi í sílẹ̀. Ilé kan péré ni kí ẹ mú, kí ẹ sì fi ènìyàn méjì sí i.

Ìbéèrè: Àdírẹ́sì ímeèlì mi ní ọ́ nínú. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní kò tọ̀nà. Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi?

Ìdáhùn: Ẹ kò jẹ̀bi. Láti 2012 ni RFC 6531, ìlànà ímeèlì tí IETF kọ, ti fàyè gba irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà ló ń wá lẹ́tà a dé z nìkan. Ìṣòro kejì fara sin: ọ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé kan lè fi ọ àti àmì ohùn ránṣẹ́, òmíràn lè fi o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn ránṣẹ́. Ojú kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà á sí orúkọ méjì.

Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni sáìtì náà, kí ẹ ní kó fi UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà Unicode) tọ́jú àdírẹ́sì, kó sọ ọ́ di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ń gbà kọ lẹ́tà kan náà, kó tó fi wé ti inú àkọsílẹ̀, kó yí apá dòménì tó bá ní lẹ́tà bẹ́ẹ̀ padà sí irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, tí lẹ́tà a dé z nìkan fi kọ, kó sì rí i pé sáfà ímeèlì rẹ̀ gba SMTPUTF8, àfikún tí RFC 6531 fi kún ímeèlì fún irú àdírẹ́sì yìí. Ẹ fi àdírẹ́sì náà àti àwòrán ibi tó ti kọ̀ ọ́ kún lẹ́tà yín.