Ẹ̀sùn tó dé nígbà tí ipò kù díẹ̀

Ẹ ní irọ́ gbáà ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹni tí wọ́n yàn yìí, torí pé ìgbà tí àwọn aṣòfin fẹ́ fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀ ni olùfisùn ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu. Ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún èmi náà rí.

Orúkọ mi ló ń bọ̀ fún ipò olórí ẹ̀ka níbi iṣẹ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìwé kan dé, tí kò ní orúkọ, tí ẹnikẹ́ni ò buwọ́ lù. Ẹ̀sùn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fà á ya. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ní kó wádìí ò dá mi lóhùn (mo kórìíra wọn dénú fún odindi oṣù méjì).

Wọn ò wá ẹni tó kọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀, níbo, ta ló wà níbẹ̀? Ẹ̀sùn kìíní ní mo gba rìbá nínú ọ́fíìsì mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá yẹn, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà, káàdì mi sì jẹ́rìí. Ìkejì àti ìkẹta ò ní ọjọ́, wọn ò ní ẹlẹ́rìí, "gbogbo èèyàn ló mọ̀" lásán ni. Ó wá ku ìkẹrin. Mo gba owó ìrìnàjò ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kan ni mo lò, mi ò dá ìyókù padà. Òótọ́ ni. Ọ̀tá ló kọ ọ́, ìgbà tó máa dùn mí jù ló sì yàn, àmọ́ òótọ́ ni. Mo san owó náà, ipò sì bọ́.

Orúkọ tí wọ́n gbé síta ló ń fa ẹ̀sùn jáde, àti òótọ́ àti irọ́. Ẹni tó ti gbé ọ̀rọ̀ mì tipẹ́ lè máà rídìí tó fi máa sọ ọ́, àfi ìgbà tó bá rí i pé ẹni yẹn ń gòkè.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní 1991, nígbà tí wọ́n yan Clarence Thomas láti di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, Anita Hill ní ó ń fi ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe lọ òun nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Èèyàn mẹ́rin jẹ́rìí pé ó ti sọ fún àwọn tipẹ́ kí wọ́n tó yan Thomas. Thomas sẹ́ kanlẹ̀, ó sì wọlé pẹ̀lú ìbò àwọn aṣòfin, 52 sí 48. Ní 2018, Christine Blasey Ford fẹ̀sùn kan Brett Kavanaugh, tí wọ́n yàn fún ilé ẹjọ́ kan náà, pé ó gbìyànjú láti fipá bá òun lò pọ̀ nínú ilé kan ní 1982. Àkọsílẹ̀ tí olùgbaninímọ̀ràn Ford ṣe ní 2012 mẹ́nu ba ìkọlù náà, kò kàn dárúkọ Kavanaugh. Àwọn tí Ford ní wọ́n wà nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn sì ní àwọn ò rántí. Kavanaugh náà sẹ́, ó wọlé, 50 sí 48. Méjèèjì ló dé nígbà tí ìbò sún mọ́lé, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn wọn ò dọ́gba rárá.

Èmi náà ń ṣiyèméjì lórí tiwa yìí, torí mi ò tíì gbọ́ ọjọ́, mi ò gbọ́ ibi, mi ò rí ẹnì kan tó ní wọ́n ti sọ fún òun tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá jáde lọ́la tó ní wọ́n sọ fún òun lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, màá tún inú mi rò.