Ẹ Bi Wá: Ìwé Wo Ni Ẹni Tó Ń Kan Páànù Gbọ́dọ̀ Ní?

Èkìtì ni gbogbo ìbéèrè tí a ń dáhùn nínú ìtẹ̀jáde yìí ti wá. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n a fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gan-an kún un, nítorí ìwé nìkan kì í di òrùlé mú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́, mo ti ṣe fúrídọ́ọ̀mù, páànù kíkàn ni mo sì ń ṣe jù. Oníbàárà kan ní Adó sọ pé òun ò lè gbé iṣẹ́ fún mi àfi tí mo bá mú láísẹ́ǹsì wá. Níbo ni wọ́n ti ń gbà á?
Káfíńtà kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìdáhùn: Ẹ má wulẹ̀ wá ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni ní láísẹ́ǹsì òrùlé kiri, kò sí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ òrùlé gbọ́dọ̀ yege ìdánwò, kí ìjọba sì fún un ní nọ́ḿbà kó tó gun orí ilé ẹnikẹ́ni. Ní tiwa níbí, ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà: èyí tó fi hàn pé ẹ mọṣẹ́, èyí tó fi hàn pé okòwò yín lórúkọ lábẹ́ òfin, àti èyí tó fi hàn pé ẹ ń san owó orí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á bá yín gba "láísẹ́ǹsì páànù", ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ìwé fúrídọ́ọ̀mù tí ọ̀gá yín fún yín níyì láàárín ẹgbẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ìjọba kì í kà á sí ìwé ẹ̀rí ìmọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni trade test (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́) ti Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Adó, ẹ gba fọ́ọ̀mù, ẹ mú Carpentry and Joinery. Ìpele mẹ́ta ló ní: Grade III ni ìbẹ̀rẹ̀, Grade I ni òkè pátápátá. Wọ́n á bi yín ní ìbéèrè, wọ́n á sì fún yín ní igi kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣiṣẹ́ lójú wọn. Ẹni tó mọṣẹ́ tí kò lè sọ ìdí tó fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ máa ń pàdánù máàkì níbẹ̀, nítorí náà ẹ máa fi ẹnu ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún àwọn ọmọ iṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ọ̀nà mìíràn ni NSQ, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ti orílẹ̀-èdè, tí NBTE, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń bójú tó. Èyí wà fún ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ láìjókòó sí kíláàsì: olùyẹ̀wò á wo yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin náà á sì kó ẹ̀rí jọ sínú fáìlì. Àwòrán igi kí páànù tó bò ó, àwòrán nígbà tí iṣẹ́ parí, lẹ́tà oníbàárà àti ìwé ìdíyelé yín wà lára rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣì lè lọ iléèwé, ìdánwò NABTEB, ìyẹn ti àwọn iléèwé ẹ̀kọ́ṣẹ́, ni tiwọn. Lójú tiwa, trade test ni kí ẹ̀yin kọ́kọ́ dojú kọ, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ fáìlì NSQ lórí iṣẹ́ tó kàn.

Ẹ má kọ "Engr." sára káàdì yín o. COREN ló ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, CORBON ló ń forúkọ àwọn tó ń jẹ́ builder sílẹ̀, òfin sì de ẹni tó bá ń jẹ oyè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé business name ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, àbí kí n kúkú ṣe kọ́ḿpìnì tó ní Ltd?
Obìnrin agbaṣẹ́ṣe, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn: Ìyá wa, bó bá jẹ́ ilé aládàáni lẹ ń bò, business name, ìyẹn orúkọ okòwò lásán, tó. Orí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, àjọ tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, lẹ ó ti ṣe é. Ẹ mú orúkọ méjì lọ, torí èyí àkọ́kọ́ lè ti jẹ́ ti ẹlòmíì. Èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí, ọjọ́ 60 ni wọ́n á fi pa á mọ́ fún yín. Bí ẹ kò bá parí ìforúkọsílẹ̀ kó tó pé, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní NIN, fọ́tò, ìbuwọ́lùwé àti àdírẹ́sì tí èèyàn lè dé lọ́wọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín sórí NIN ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí BVN, nítorí lẹ́tà kan péré tó yàtọ̀ lè dá àkáǹtì báǹkì dúró.

Lábẹ́ business name, ẹ̀yin àti okòwò jẹ́ ọ̀kan. Bí páànù bá já lu mọ́tò aládùúgbò, tí kóòtù ní kẹ́ ẹ san án, gbèsè náà lè dé orí ilẹ̀ tẹ́ ẹ rà. Kọ́ḿpìnì jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ lójú òfin. CAMA 2020, ìyẹn òfin kọ́ḿpìnì, ti gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá kọ́ḿpìnì aládàáni sílẹ̀, ìpín owó ìdókòwò rẹ̀ (share capital) kò sì gbọdọ̀ dín ní ₦100,000. Bẹ́ ẹ bá ń wo iṣẹ́ ìjọba lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ṣe Ltd látìsinsìnyí.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má gbàgbé annual return, ìyẹn ìròyìn ọdọọdún tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí CAC. Ti business name kò gbọdọ̀ kọjá 30 oṣù Kẹfà lọ́dọọdún, àfi ọdún tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá fi jáfara, "inactive" ni wọ́n á rí nígbà tí wọ́n bá wo orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n da ìwé wa nù níbi ìdíje iṣẹ́ òrùlé iléèwé kan. Wọn ò tilẹ̀ ṣí iye tí a pè wò. Kí ló dé?
Ẹ̀yin ará yín n'Íjerò-Èkìtì

Ìdáhùn: Àwọn ìwé yín ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bí ọ̀kan bá dín, iye tẹ́ ẹ pè kò ní dé ọwọ́ wọn, bó ti wù kó kéré tó. Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, Public Procurement Act 2007 ló là á sílẹ̀. Èkìtì ní Bureau of Public Procurement tirẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ béèrè ìforúkọsílẹ̀ agbaṣẹ́ṣe.

Ìwé ẹ̀rí owó orí tí wọ́n ń béèrè máa ń sọ ti ọdún 3 tó ṣáájú. Ẹni tó dúró dìgbà tí ìkéde iṣẹ́ jáde kó tó sáré lọ sọ́dọ̀ EKIRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Èkìtì, ti pẹ́ jù. Owó orí kọ́ḿpìnì fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ẹ̀rí PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì: kọ́ḿpìnì tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa san owó ìfẹ̀yìntì, 10% láti ọwọ́ ọ̀gá, 8% láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ìwé náà ń kú ní 31 oṣù Kejìlá, kódà bó jẹ́ oṣù Kọkànlá lẹ gbà á, ọ̀pọ̀ ni èyí sì ń mú lójijì nínú oṣù Kìíní. ITF, àjọ tó ń rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, kan ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 5 sókè, tàbí tí owó tó wọlé fún un lọ́dún tó mílíọ̀nù 50: 1% owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. NSITF náà, àjọ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, 1% ni.

Nínú gbogbo wọn, NSITF ni a fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn san jù, bí kò bá tilẹ̀ sí iṣẹ́ ìjọba kankan. Lábẹ́ Employees' Compensation Act 2010, ibẹ̀ ni owó ìtọ́jú ti ń jáde bí ọmọ iṣẹ́ bá já láti orí òrùlé. Ẹni tó ń rán ọmọ ọlọ́mọ gun òkè lójoojúmọ́ kò yẹ kó fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ iye páànù tó máa tó láìṣì í? Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ ní trade test, èmi kàn ń fojú wọ̀n ọ́n ni.
Ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ gba òmìnira, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Ìdáhùn: Ojú ni ń mú kí owó tán lórí iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ilé tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 9 ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ fi etí òrùlé kún un. Bí etí bá yọ ní 0.6 mítà yíká, ilé di 13.2 × 10.2, ìyẹn 134.6 sùkúéà mítà. Ṣùgbọ́n òrùlé dagun, kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá dagun ní dígírì 30, ẹ fi 1.155 sọ ọ́ di púpọ̀. Dígírì 25, ẹ fi 1.103, dígírì 20, ẹ fi 1.064. Ní 30, ó di 155.5. Ẹ wá fi ti ègé kún un: 10% fún òrùlé alápá méjì, 15% fún alápá mẹ́rin, nítorí gbogbo páànù tó bá pàdé ní igun ni wọ́n ń gé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Alápá méjì yóò gba bíi 171, alápá mẹ́rin bíi 179. Ẹni tó kàn sọ 12 × 9 tó rí 108 ti ṣì í ní ohun tó ju 60 lọ, ẹ̀yìn ìgbà tí onílé ti sanwó tán ló sì máa ń mọ̀.

Káàpù orí òrùlé, èyí tó ń bo ibi tí apá òrùlé ti pàdé, ńkọ́? Fún alápá mẹ́rin yìí, orí tó tẹ́ gùn ní 13.2 yọ 10.2, mítà 3. Igun kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 7.8, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 31.2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 34.2, àmọ́ káàpù gbọ́dọ̀ gun ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, nítorí náà ẹ ra mítà 37 tàbí 38.

Ní ti igi: pọ́línì (igi ìdábùú tí wọ́n ń kan páànù mọ́) tó máa gbé páànù tó nípọn ní 0.55 mm kò gbọdọ̀ jìnnà sí ara wọn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Bó bá jẹ́ 0.45, ẹ dín in sí 2 tàbí 2½. Páànù olókùúta ní tirẹ̀ kò gba àfojúbù rárá: sẹ̀ǹtímítà 37 láti iwájú igi kan sí iwájú èkejì, torí ìwọ̀n táìlì náà nìyẹn, bẹ́ ẹ bá ṣì í, ìlà kò ní bá ara wọn mu mọ́ dé òkè. Ẹ má jẹ́ kí sọ́míìlì ta arère fún yín fún ráfítà, igi tó ń gbé pọ́línì. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti kàn, ikán àti kòkòrò sì tètè ń jẹ ẹ́. Apá tàbí ìdìgbò ló yẹ, kẹ́ ẹ sì fi oògùn ikán pa gbogbo ojú ibi tẹ́ ẹ bá gé, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan.

Ìbéèrè: Agbaṣẹ́ṣe tó bo ilé mi ní gbogbo ìwé tẹ́ ẹ lè dárúkọ. Òjò àkọ́rọ̀ ló ṣí òrùlé náà. Kí ló fà á, kí sì ni kí n wò nígbà tí wọ́n bá tún ń kàn án?
Onílé kan, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á dá a padà. Ìjì kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń fà á sókè, ó sì ń fà jù ní etí, ní igun àti ní orí ṣóńṣó. Bí abẹ́ etí bá tún ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn á wọ inú àjà, á máa tì í látìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wo páànù nìkan, ẹ wo ohun tó so igi mọ́ ògiri.

Wọ́ọ̀lù-pílèètì, ìyẹn igi tó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìṣó nìkan ló dì í mú. Ẹ ní kí bíríkìlà rì irin 10 mm sínú kọ̀ǹkéré líńtẹ́ẹ̀lì, ẹsẹ̀ bàtà 4-4 síra wọn, kó yọ sókè tó láti wé igi náà kó sì tẹ̀ padà. Ráfítà sì gbọdọ̀ ní irin pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ wọ́ọ̀lù-pílèètì. Ibi tí òrùlé ti ṣí yẹn, ẹ lọ wo igi tó wó: bó bá já pẹ̀lú ìṣó gígùn tó yọ mọ́nránmọ́nrán láìtẹ̀, kò sí ohun tó so ó.

Orí ibi tí páànù yọ sókè ni ìṣó ń wọ̀, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá. Kí ìṣó ní rọ́bà lábẹ́ orí, kó sì jẹ́ èyí tó lọ́. Ní etí àti igun, sìkúrúù ló dára jù. Wọn kò gbọdọ̀ gbá a títí rọ́bà á fi fọ́, ibẹ̀ gan-an ni jíjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ilé yín bá ní párápẹ́ẹ̀tì (ògiri tó ga yí etí òrùlé ká), ẹ má jẹ́ kí wọ́n po sìmẹ́ǹtì lé ara páànù láti dí àlàfo, nítorí sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ alumíníọ́mù títí tó fi máa lu.

Kẹ́ ẹ tó sanwó páànù, ẹ mú máíkírómítà, ohun èlò tó ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, ẹ wọn etí rẹ̀ ní ibi mẹ́ta. Ọ̀dà wà lára ohun tó máa kà, nítorí náà páànù tí wọ́n pè ní 0.55 tó bá ka 0.50 ti dín. Kẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n náà, irú igi, àti irin líńtẹ́ẹ̀lì sínú àdéhùn, kẹ́ ẹ sì mú 5% owó iṣẹ́ dání títí òjò ńlá méjì tàbí mẹ́ta yóò fi rọ̀ lé e lórí.