Wọ́n ń fòòró ọmọ mi nílé ẹ̀kọ́: ṣé kí n lọ bá ìyá ọmọ náà ní ìsọ̀ rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọkùnrin mi wà ní JSS 1 níbí ní Àkúrẹ́, ọmọ ọdún 11 ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ni ebi ti máa ń pa á wálé, bẹ́ẹ̀ mo ń fún un lówó oúnjẹ. Tó bá ti di alẹ́ Sọ́ńdè, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Tó bá di ọ̀sán Fúráìdé, ara rẹ̀ á yá gágá. Àbúrò rẹ̀ ló tú àṣírí fún mi: àwọn mẹ́ta kan ní kíláàsì rẹ̀ ló ń gba owó náà, tí wọ́n sì ń pè é ní Akólòlò, nítorí pé ó máa ń kólòlò díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó gbá wọn padà. Èmi fẹ́ lọ bá ìyá olórí wọn ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Ọba. Kí lẹ rí sí i? (Ìyá ọmọ, Ìjọ̀kà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdààmú ọmọ, mà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ sí Ọjà Ọba. Lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, obìnrin yẹn á gbèjà ọmọ rẹ̀ dandan, ọ̀rọ̀ á di ìjà àwọn ìyá, ọmọ yín ni wọ́n á sì jẹ níyà fún un lọ́jọ́ kejì, níbi tí ẹ kò sí.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ yé mi, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Àmọ́ èyí kì í ṣe ìjà. Dan Olweus, ọ̀mọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Norway àti Sweden ní àwọn ọdún 1970, sọ ohun tó mú ìfòòró yàtọ̀: wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, ó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, agbára wọn kò sì dọ́gba. Ọmọ méjì tó jà lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì tún jọ ń gbá a kó tó dìrọ̀lẹ́, ìjà nìyẹn. Mẹ́ta sí ẹnì kan, lójoojúmọ́, ìyẹn kọjá ìjà. Bí ẹ bá ní kó gbá wọn padà tí apá rẹ̀ kò sì ká wọn, ojú á tì í lọ́dọ̀ wọn, á tún tì í lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan fún yín mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe sábà máa ń rí lákòókò bíréèkì. Ọmọ wà lórí ìlà lọ́dọ̀ ìyá oníràìsì. Ọ̀kan dúró níwájú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn. Olórí wọn kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kàn na ọwọ́. Ọmọ kó owó lé e lọ́wọ́. Ẹnì kan pariwo "A-a-akólòlò!", ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni wọ́n ń wá, mà, ju owó lọ. Níbi tí kò bá sí òǹwòran, ìfòòró kì í pẹ́ sú ẹni tó ń ṣe é.

Àwọn olùwádìí kan ní Kánádà fi kámẹ́rà wo àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Nínú 100 ìfòòró, bíi 88 ló ṣojú àwọn ọmọ mìíràn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n dá sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kan bá dá sí i, ó lé ní ìdajì tó dópin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré. Ìdí nìyí tí n kò fi kọ́kọ́ ń béèrè bí ọmọ tí wọ́n ń fòòró ṣe lè di akin. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: ta ló ń wò?

Nítorí náà, ẹ pè é lálẹ́ kan tí ẹ bá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kí ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì máa ṣiṣẹ́, kó má baà dà bí ìgbẹ́jọ́. Ẹ má bi í pé "kí ló dé tí o kò sọ?" Ẹ bi í níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀, àti ta ló máa ń wà nítòsí. Ẹ wá bi í pé: ta ni kì í rẹ́rìn-ín? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kíláàsì tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí. Ẹ jẹ́ kó wá ṣeré nílé yín ní Sátidé. Ọmọ tó bá ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ń bá a rìn, ó nira láti dá mú.

Ẹ kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó, kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ wá gbé e lọ bá olùkọ́ kíláàsì àti olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ ní kí olùkọ́ kan máa dúró níbi ìlà oúnjẹ, kí wọ́n gbé ìjókòó ọmọ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbà kí wọ́n kó gbogbo wọn jọ pé kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè sọ òótọ́ lójú ẹni tó ń dẹ́rù bà á. Ẹ má sì béèrè fún ẹgba lórí àsẹ́ńbílì. Ẹgba á tú u síta pé ọmọ yín ló fẹjọ́ sùn, á sì tún kọ́ wọn pé ẹni tó lágbára ló ń nani. Ọmọ làwọn náà, ó sì lè jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti rí i kọ́.

Ẹ tún fetí sí bí olùkọ́ ṣe ń pe ọmọ yín. Ó máa ń dùn mí gan-an tí àwa olùkọ́ bá fi àléébù ọmọ pè é ní kíláàsì: a ti fún ogójì ọmọ láṣẹ nìyẹn.

Bí wọ́n bá ní "ọ̀rọ̀ ọmọdé ni", Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìpalára fún ọmọ ní ara tàbí ní ọkàn, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ti ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ọjọ́ tí ẹ máa padà wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe, kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Títí dìgbà náà, ẹ máa di oúnjẹ fún un láti ilé. Bó bá sì sọ lọ́jọ́kọ́jọ́ pé òun ì bá kú, kódà kó jẹ́ nínú ìbínú, ẹ má dúró de ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.